Oògùn olóró nínú ẹ̀wọ̀n Ìlú Ọba: báwo ló ṣe ń wọlé, ta ló ń san gbèsè rẹ̀, kí ni wọ́n sì ń ṣe sí i?

Ní Oṣù Kìíní ọdún 2025, Charlie Taylor, tí í ṣe Olùbẹ̀wò Àgbà fún àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ní England àti Wales, gbé ìròyìn jáde lórí ọgbà ẹ̀wọ̀n Manchester àti ti Long Lartin. Díẹ̀ lára àwọn ọ̀daràn tó léwu jù lórílẹ̀-èdè náà ni wọ́n ń kó sí àwọn ọgbà méjèèjì yìí. Taylor sọ pé ọlọ́pàá àti iléeṣẹ́ ẹ̀wọ̀n ti jọ̀wọ́ òfurufú tó wà lórí wọn fún àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn, ó sì pe ọ̀rọ̀ náà ní ewu fún ààbò orílẹ̀-èdè. Drone, bàálù kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, ni wọ́n fi ń kó oògùn olóró àti fóònù wá bá ẹlẹ́wọ̀n lójú fèrèsé. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò ìdájọ́ ní ilé aṣòfin gbé ìròyìn tirẹ̀ síta. Ohun tí wọ́n rí ni pé oògùn olóró ti di ara ìgbésí ayé ojoojúmọ́ nínú àwọn ọgbà náà.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti ń pọ̀ láàárín àwa tí a ní ẹbí àti ojúlùmọ̀ níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá kún Peckham, Woolwich àti Thamesmead ní London, Thamesmead yìí náà sì ni ọgbà ẹ̀wọ̀n mẹ́ta ti fara kan ara wọn: Belmarsh, Isis àti Thameside. Àwọn kan ní wọ́dà ló ń tà á. Àwọn mìíràn ní ẹ̀wọ̀n òyìnbó ló dẹ̀ jù, pé kí wọ́n na àwọ̀n sókè kí ọ̀rọ̀ sì parí. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú àwọn èsì wọ̀nyí, àmọ́ wọn kò dé ìdí rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ba ayé ènìyàn jẹ́ jù ni gbèsè, òun ni a kì í sì í gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà tí fídíò drone bá ń tàn kálẹ̀.

Oògùn wo gan-an ni wọ́n ń lò níbẹ̀?

Igbó wà níbẹ̀. Heroin àti kokéènì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn tí dókítà kọ fún ẹnì kan tí ẹlòmíràn rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó yí ẹ̀wọ̀n Ìlú Ọba padà láti nǹkan bí ọdún 2013 wá ni Spice. Orúkọ yìí ni wọ́n ń pe oríṣiríṣi kẹ́míkà tí wọ́n pò kí ó lè máa ṣiṣẹ́ lọ́pọlọ bí igbó ṣe ń ṣe. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló kọ́kọ́ pò wọ́n, fún ìwádìí ni. JWH-018, ọ̀kan lára wọn tí orúkọ rẹ̀ gbayé jù, gba lẹ́tà mẹ́ta yẹn lára John W. Huffman, onímọ̀ kẹ́míkà ní Yunifásítì Clemson ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, àwọn tí kò bá ìwádìí wá ka ohun tó kọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó fún títà.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rọ̀ igbó tí a dárúkọ tàn yín. Spice lè le ju igbó lọ fíìfíì, ẹni tó ń fà á kò sì lè mọ iye kẹ́míkà tó wà nínú èyí tó mú dání. Ẹnì kan lè fà á lónìí kó kàn sùn lọ. Kó tún fà á lọ́la kí gìrì gbé e, kó máa bì, kó máa bá ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí jà, tàbí kí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń wádìí ikú tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́wọ̀n ka ikú 79 láàárín Oṣù Kẹfà ọdún 2013 sí Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 tí wọ́n mọ̀, tàbí tí wọ́n fura gidigidi, pé ẹni tó kú ti lo irú kẹ́míkà tuntun bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ̀wọ̀n fi gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀? Kò ní òórùn tí ń tú igbó fó. Àyẹ̀wò ìtọ̀ tí wọ́n ń ṣe fún ẹlẹ́wọ̀n kò wá a rárá títí di Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Bákan náà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù láàárín ìgboro kí òfin Psychoactive Substances Act, tó ka títà rẹ̀ léèwọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 26 Oṣù Karùn-ún ọdún 2016. Òfin yẹn ní apá kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ẹni tó wà níta tó ní irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ fún ìlò ara rẹ̀ kò rú u, ṣùgbọ́n ẹni tó ní in lọ́wọ́ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ti rú u. Ní Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni wọ́n wá kó àwọn oríṣi Spice tuntun mọ́ oògùn olóró ìpele B, níbi tí igbó wà.

Ohun tó sọ ọ́ di ọba inú ẹ̀wọ̀n ju gbogbo èyí lọ ni pé bébà ń mu ún.

Báwo ló ṣe ń kọjá ògiri?

Wọ́n á yọ́ kẹ́míkà náà di omi, wọ́n á fi rin bébà, wọ́n á sá a gbẹ. Ó lè jẹ́ lẹ́tà tí ìyá kọ sí ọmọ, tàbí àwòrán tí ọmọdé yà sí bàbá rẹ̀, tàbí ojú ewé kan nínú ìwé kíkà. Bó bá ti wọlé, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, èyí tí kò tóbi ju èékánná lọ á sì tó ènìyàn fà nínú vape, ìyẹn sìgá oníbátìrì. Wọ́n tilẹ̀ ń ṣe ayédèrú lẹ́tà lọ́yà, orúkọ iléeṣẹ́ lọ́yà á wà lókè rẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀, nítorí òfin kò gba wọ́dà láàyè láti máa ka ohun tí ẹlẹ́wọ̀n àti lọ́yà rẹ̀ ń kọ síra wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọgbà fi ń ṣe ẹ̀dà lẹ́tà báyìí, ẹ̀dà ni ẹlẹ́wọ̀n á gbà, ojúlówó rẹ̀ kò ní dé ọwọ́ rẹ̀. Scotland yí òfin rẹ̀ padà nítorí èyí ní Oṣù Kejìlá ọdún 2021. Àwọn ẹbí kan bínú sí i. Ẹ̀dà bébà kò lè gbé òórùn ilé, bẹ́ẹ̀ ni kíréyọ́nù tí ọmọ fi ya bàbá rẹ̀ kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Àwọn ọ̀nà àtijọ́ náà kò tíì kú. Wọ́n ń ju ẹrù kọjá ògiri. Ní ọdún 2019, wọ́n rí òkú eku ní ọgbà Guys Marsh ní Dorset tí wọ́n ti la ikùn wọn, tí wọ́n kó oògùn àti fóònù sínú wọn, tí wọ́n sì tún wọn rán kí wọ́n tó jù wọ́n wọlé. Àlejò ń gbé e wá nígbà àbẹ̀wò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti kóòtù lè ti kó o sínú ara rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ti dá sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ rú àdéhùn ìdásílẹ̀ wọn kí wọ́n lè dá wọn padà fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n á kó oògùn wọlé, wọ́n á tà á, wọ́n á sì gba èrè lọ nígbà tí wọ́n bá tún jáde. Ẹlòmíràn kò fẹ́ ṣe é, gbèsè tó jẹ sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ló ní kó lọ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ àwọn wọ́dà ńkọ́? Ògiri tí kò lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọ́dà ń ṣiṣẹ́ wọn tọkàntọkàn, àmọ́ gbogbo ọdún ni wọ́n ń gbé àwọn kan lọ sí kóòtù nítorí wọ́n kó ẹrù òfin wọlé. Ní ọdún 2019, iléeṣẹ́ ẹ̀wọ̀n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tó ń dojú kọ ìwà ìbàjẹ́ láàárín òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tí ọwọ́ ń tẹ̀ ló jẹ́ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ kò le. Ẹlẹ́wọ̀n á ṣe ọ̀rẹ́ sí i, á bẹ̀ ẹ́ kó bá òun gbé ohun kékeré kan wá. Láti ọjọ́ tó bá ti gbé e, ẹlẹ́wọ̀n ló di ọ̀gá rẹ̀, torí pé ó lè tú àṣírí rẹ̀ nígbàkigbà.

Ọ̀rọ̀ drone wá fẹ́ bo gbogbo ìyókù mọ́lẹ̀. Láàárín Oṣù Kẹrin 2024 sí Oṣù Kẹta 2025, ìgbà 1,712 ni àkọsílẹ̀ ìjọba fi hàn pé drone wá sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ní England àti Wales, ó sì fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí ti ọdún tó ṣáájú. Ní Manchester, àwọn ẹlẹ́wọ̀n mú irin gbígbóná inú kẹ́tùlù wọn, wọ́n fi jó fèrèsé títí ó fi lu, kí ẹrù lè wọlé tààrà. Nígbà tí àwọn olùbẹ̀wò débẹ̀, àwọ̀n tó yẹ kó dí òkè ti ya, kámẹ́rà tó yẹ kó máa ṣọ́ ibẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, àyẹ̀wò tó jẹ́ dandan sì fi hàn pé ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ti lo oògùn olóró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àná ni ọ̀nà yìí là. Ní ọdún 2018, kóòtù sọ ẹgbẹ́ kan sẹ́wọ̀n tó fi drone gbé ẹrù ní ìgbà tó ju àádọ́ta lọ, inú ẹ̀wọ̀n gan-an sì ni olórí wọn jókòó sí tó ń fi fóònù darí wọn.

Kí ni gbèsè wá ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Owó tí a lè kà lọ́wọ́ kò sí nínú ẹ̀wọ̀n. Ẹlẹ́wọ̀n ní àkáǹtì kan tí wọ́n ń san owó iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀ sí, ẹbí lè fi kún un, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ló sì ń ra nǹkan nínú rẹ̀: bísíkíìtì, ẹja inú agolo, vape, ọṣẹ. Oògùn olóró kì í dúró de ọjọ́ yẹn. Ẹni tó fẹ́ lò ó lónìí á gbà á ní àwìn, òfin àwìn inú ẹ̀wọ̀n sì le: bí o bá gba ọ̀kan, méjì lo máa dá padà ní ọjọ́ ìrajà. Double bubble ni wọ́n ń pe àṣà yìí níbẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ bá kọjá tí o kò rí i san, méjì di mẹ́rin. Vape kan péré lè ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó máa di ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn kí oṣù méjì tó parí.

Ibí ni ìwà ọ̀daràn ti ń bí ìwà ọ̀daràn. Ẹni tí kò lè san, wọ́n á lù ú, wọ́n á fi ọ̀bẹ tí wọ́n fúnra wọn rọ ṣá a, tàbí kí wọ́n da omi gbígbóná tí wọ́n pò mọ́ ṣúgà sí i lára, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ awọ. Àwọn tí kò fẹ́ lù ú á fún un ní iṣẹ́. Ó lè jẹ́ kó máa bá wọn tọ́jú fóònù àti oògùn sínú yàrá rẹ̀, kó jẹ́ òun ni wọ́dà máa bá a lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ kó lu ẹlòmíràn tó jẹ wọ́n ní gbèsè. Èyí tó burú jù ni pé tí Spice tuntun bá dé, tí wọn kò mọ bó ṣe le tó, òun ni wọ́n á fún kó kọ́kọ́ fà á. Wọ́n á dúró wo bóyá á ṣubú. Àwọn kan ti fi fóònù ká ẹni tó ń jìyà yìí sílẹ̀, wọ́n ń fi ṣe ẹ̀rín.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá kà pé ẹlẹ́wọ̀n kan ṣe ara rẹ̀ léṣe, tàbí pé ó mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin kí wọ́n lè tì í mọ́ yàrá òun nìkan, gbèsè lè wà ní ìdí rẹ̀. Yàrá àdágbé nìkan ni ẹni tó ń bèèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn olùbẹ̀wò ti pàdé irú àwọn bẹ́ẹ̀ léraléra, ọkùnrin tí kò jáde wẹ̀, tí kò jáde gba afẹ́fẹ́, nítorí ẹ̀rù àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀.

Kí ló fà á tó fi burú tó báyìí?

Oògùn olóró ti wà lẹ́wọ̀n tipẹ́, ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ìtọ̀ dandan fi bẹ̀rẹ̀ káàkiri England àti Wales ní ọdún 1996. Ohun tó yí padà lẹ́yìn ọdún 2010 ni iye ojú tó ń ṣọ́ni. Nígbà tí ìjọba ń dín ìnáwó kù, nǹkan bí 7,000 wọ́dà ló kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọdún mélòó kan, ìyẹn ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Àwọn àgbà tó mọ ojú ẹlẹ́wọ̀n, tó lè wo ẹni kan lójú kó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ lánàá, ló pọ̀ jù nínú àwọn tó lọ. Nígbà tí ìjọba padà ní kí wọ́n gba ènìyàn 2,500 sí i ní ọdún 2016, àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì rí nǹkan kan rí ló wọlé. Spice sì ti gba ilé kó tó dìgbà yẹn.

Ọgbà Birmingham fi bó ṣe rí hàn kedere. Iléeṣẹ́ aládàáni G4S ló ń bójú tó o. Ní ọjọ́ 16 Oṣù Kejìlá ọdún 2016, àwọn ẹlẹ́wọ̀n gba ọgbà náà mọ́ wọ́dà lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní ọdún 2018, Peter Clarke, tó jẹ́ Olùbẹ̀wò Àgbà nígbà yẹn, lọ síbẹ̀. Èéfín oògùn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rí òṣìṣẹ́ tó ń sùn, ó rí àwọn tó ti ara wọn mọ́ ọ́fíìsì nítorí ìbẹ̀rù, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé ọkọ̀ sí nígbà tí àbẹ̀wò náà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún náà ni ìjọba gba ọgbà náà padà.

Èkejì ni àìníṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọgbà, ẹlẹ́wọ̀n lè wà nínú yàrá fún wákàtí 22 lójúmọ́, òun àti ẹnì kejì nínú yàrá tí wọ́n kọ́ fún ẹyọ ẹnì kan. Kò sí ẹ̀kọ́, kò sí iṣẹ́ ọwọ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ń sọ fún olùbẹ̀wò ni pé àwọn ń fà á kí ọjọ́ lè lọ. Nínú ìròyìn ọdọọdún tí Taylor gbé jáde ní Oṣù Keje ọdún 2025, nǹkan bí ẹni mẹ́rin nínú mẹ́wàá tí wọ́n bi léèrè ló sọ pé kò ṣòro láti rí oògùn olóró nínú ọgbà àwọn. Àwọn kan nínú wọn kò lo nǹkan kan rí kí wọ́n tó dé ẹ̀wọ̀n.

Ẹ tún fi owó kún un. Ohun tí wọ́n ń tà níta ní iye díẹ̀ máa ń di ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀ bó bá ti kọjá ògiri, ẹni tó fẹ́ rà á kò sì lè lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Fún ẹgbẹ́ ọ̀daràn, ọjà tó dájú ju ìgboro lọ nìyí, gbogbo oníbàárà ti wà lójú kan, wọn kò sì lè sá.

Kí ni ìjọba ti ṣe?

Ó ti ṣe púpọ̀, kò sì yẹ ká fojú fo o. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ó kéde 100 mílíọ̀nù pọ́n-ùn fún ààbò, apá kan nínú rẹ̀ ló sì fi ra ẹ̀rọ X-ray 75 tó ń wo inú ara ènìyàn, èyí tó wà báyìí ní gbogbo ọgbà oníògiri tí wọ́n ń kó àwọn ọkùnrin àgbàlagbà sí. Láti ọjọ́ 25 Oṣù Kìíní ọdún 2024, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti fò drone láàárín 400 mítà sí irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 2,500 pọ́n-ùn, ẹni tó bá sì fi gbé ẹrù òfin wọlé lè fẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá jura. Ní ọdún 2025, wọ́n ya 40 mílíọ̀nù pọ́n-ùn sọ́tọ̀, mílíọ̀nù mẹ́wàá nínú rẹ̀ fún àwọ̀n àti fèrèsé tó nípọn ní àwọn ọgbà bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ìgbìyànjú kan wà tó yẹ ká dúró lé lórí. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2018, Rory Stewart, tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n, yan ọgbà mẹ́wàá tó le jù, Isis àti Wormwood Scrubs ní London wà lára wọn, ó sì fún wọn ní mílíọ̀nù mẹ́wàá pọ́n-ùn. Ó ṣèlérí ní gbangba pé bí ìlò oògùn àti ìjà kò bá dín kù láàárín ọdún kan, òun á kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ajá tó ń gbóòórùn, ẹ̀rọ, fèrèsé tuntun àti ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀gá ọgbà ni wọ́n ná owó náà lé. Nígbà tí àbájáde dé ní ọdún 2019, ìkọlù àti ìjà ti dín kù, iye àwọn tí àyẹ̀wò mú sì ti já sí nǹkan bí ìdajì. Stewart ti bọ́ sí ipò mìíràn kí ọdún náà tó pé. Ohun tí kò dáni lójú títí di òní ni bí irú àṣeyọrí bẹ́ẹ̀ ṣe lè dúró nígbà tí owó àkànṣe bá tán, àti bí wọ́n ṣe lè mú un dé àwọn ọgbà tó lé ní ọgọ́rùn-ún yòókù.

Kí ló dé tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò fi fẹnu kò?

Àwọn kan gbà pé ẹnubodè ni ogun náà wà. Ẹgbẹ́ àwọn wọ́dà, POA, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó, kí wọ́n sì fún wọn ní irinṣẹ́, nítorí kò sí ìtọ́jú tó máa ṣiṣẹ́ níbi tí oògùn ti ń bọ́ láti ojú sánmọ̀ lálaalẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún àtúnṣe ẹ̀wọ̀n, bíi Prison Reform Trust àti Howard League, dáhùn pé bí wọ́n bá dí ihò kan, òmíràn á là níwọ̀n ìgbà tí ẹlẹ́wọ̀n bá ṣì jókòó lásán ní gbogbo ọjọ́, kí wọ́n dín èrò kù nínú ọgbà, kí wọ́n sì dá ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ padà.

Ìtàn àyẹ̀wò ìtọ̀ ni apá méjèèjì máa ń fà yọ. Igbó lè wà nínú ìtọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Heroin á ti kúrò lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn ọdún 1996, àwọn olùwádìí kan kìlọ̀ pé àyẹ̀wò yìí lè lé àwọn ẹlẹ́wọ̀n kúrò nídìí igbó lọ sídìí heroin. Nígbà tí Spice dé tí ẹ̀rọ kò sì rí i, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n sọ pé ohun tó gbé àwọn débẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó fara mọ́ àyẹ̀wò ní láìsí i, kò sí bí ìjọba ṣe máa mọ ibi tí iná ti ń jó.

Ìtọ́jú náà ní ìjà tirẹ̀. Ẹni tí heroin ti di bárakú fún, dókítà lè fún un ní oògùn tó máa rọ́pò rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tí ènìyàn ń gbé mì lójoojúmọ́ ṣeé tọ́jú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n sì máa ń fipá gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kò lágbára. Ní ọdún 2020, nígbà Kòrónà, àwọn ọgbà ní Wales àti Scotland bẹ̀rẹ̀ sí í lo Buvidal, abẹ́rẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ fún oṣù kan. Kò sí ẹni tó lè ta abẹ́rẹ́ tó ti wọ ara. Owó rẹ̀ ga ju ti oògùn mímu lọ, èyí sì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní England, wọ́n tún ti ń ya àwọn ilé kan sọ́tọ̀ nínú ọgbà fún ẹni tó bá fúnra rẹ̀ yàn láti máa gbé láìlo nǹkan kan. Wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò déédéé, á sì rí ohun ìwúrí gbà. Níbẹ̀, ẹni tó ń sá fún gbèsè rí ibi forí pamọ́ sí láìjẹ́ pé wọ́n tì í mọ́ yàrá àdágbé.

Ṣé irú rẹ̀ kò sí ní Nàìjíríà?

Ó wà, àmọ́ ọ̀nà tó ń gbà yàtọ̀. Léraléra ni Iléeṣẹ́ Ọgbà Àtúnṣe Nàìjíríà, NCoS, ti kéde pé ọwọ́ tẹ àlejò tàbí òṣìṣẹ́ tirẹ̀ tó fẹ́ kó igbó àti fóònù wọ inú ọgbà. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, lẹ́yìn ẹ̀sùn pé ẹlẹ́wọ̀n olówó ń fi owó ra ìgbádùn ní Kirikiri, Mínísítà Abẹ́lé, Olubunmi Tunji-Ojo, dá àwọn ọ̀gá ọgbà kan dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ohun tó ń fa ìṣòro tiwa náà kò jìnnà sí tiwọn: èrò pọ̀ jù. Nǹkan bí ẹni méjì nínú mẹ́ta tó wà nínú àwọn ọgbà wa ni kóòtù kò tíì dá lẹ́bi. Òfin ọdún 2019 tó sọ iléeṣẹ́ náà di NCoS fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ láṣẹ láti kọ ẹlẹ́wọ̀n tuntun bí ọgbà bá ti kún, ó sì dá ẹ̀ka ìjìyà tí kò ní àtìmọ́lé nínú sílẹ̀, bíi kí ènìyàn sin ìlú. Níbi tí ìwádìí UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, tó jáde ní ọdún 2019 ti rí i pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, tí Èkó sì ga jù pẹ̀lú ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó ń wọlé sí Kirikiri àti Agodi pẹ̀lú bárakú lára wọn kò lè kéré.

Bí wọ́n bá pè mí láti ẹ̀wọ̀n Ìlú Ọba pé kí n fi owó ránṣẹ́ ńkọ́?

Ìbéèrè yìí kan ẹbí jù, ìtìjú sì ni kì í jẹ́ kí a bèèrè rẹ̀ síta. Ọmọ á pe ìyá, tàbí àjèjì kan á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: ẹ san 200 pọ́n-ùn sínú àkáǹtì yìí kí wọ́n má bàa fọwọ́ kan ọmọ yín. Àwọn ìyá kan ti san án títí wọn kò fi rí owó ilé san mọ́. Gbèsè náà kò tán, nítorí sísan tí wọ́n san fi hàn pé owó wà níbẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Láti Oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ọ̀nà tí ẹbí ń gbà fi owó sí àkáǹtì ẹlẹ́wọ̀n ní England àti Wales ni ojúlé ìjọba, GOV.UK, pẹ̀lú káàdì báńkì, àfi ẹni tí wọ́n bá dìídì fún láyè láti gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ óò kọ orúkọ ẹlẹ́wọ̀n, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá fún yín ní àkáǹtì báńkì ẹlòmíràn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó gbèsè tàbí owó oògùn ló ń gbà. Ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ náà, nọ́ńbà tó pè yín àti orúkọ tó wà lórí àkáǹtì. Àwọn ọgbà ní ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Safer Custody, tó wà fún irú ọ̀rọ̀ báyìí, nọ́ńbà rẹ̀ sì máa ń wà lójú ewé ọgbà náà lórí GOV.UK. Ẹ lè sọ fún wọn pé ẹ kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ yín, kí àwọn tó ń halẹ̀ má bàa mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Wọ́n lè gbé ọmọ náà kúrò nínú ilé tó wà, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí ọgbà mìíràn. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ láti bá ọgbà sọ̀rọ̀, Prisoners' Families Helpline wà fún ẹbí ẹlẹ́wọ̀n, ọ̀fẹ́ ni ìpè rẹ̀, wọn kò sì ní bi yín léèrè ohun tí ọmọ yín ṣe kí wọ́n tó gbọ́ ohun tó ń ṣe yín.